Ìpè Ìkẹta ní Erékùṣù Aṣẹ́kù

Kí n tó la ẹnu sọ ìyanu, ẹ jẹ́ kí n ka àwọn ẹlẹ́rìí. Àwọn tó wà nínú yàrá náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni: Ọ̀pádìran, baálé agbo ilé wa, tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, Ẹfúntọ́lá, ìyá àgbà, ẹni tó ti fọ́jú ṣùgbọ́n tó mọ ìró ẹsẹ̀ olúkúlùkù, Nọ́ọ̀sì Ọmọ́laṣọ, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ tí eruku ọyẹ́ ti sọ di pupa, Ìbíwùmí, ìyá aláìsàn, tó jókòó sí ìgbèrí ọmọ rẹ̀, Àyọ̀ká fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, lórí ẹní, àbúrò rẹ̀ obìnrin kékeré tó di ife omi mú, òun náà ló dàgbà di arúgbó tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àti ewúrẹ́ abo kan tí ẹnikẹ́ni kò pè. Gbogbo wọn ti kú tán, àfi ẹni tó di ife mú. Ewúrẹ́ náà ti kú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ etí sílẹ̀ bí ẹni gbé igbá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ìtàn tí mo gbé wá kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ óò rí ohun ìyanu níbẹ̀ ju èyí tí ojú lè gbà lọ: odò pupa tí kò ní orísun tí kò sì ní òpin, ọlọ́kọ̀ tí òun àti ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ara kan náà, àwọn ará ilé tí oúnjẹ ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn tí ebi sì ń pa wọ́n kú lọ, àti ìyá arúgbó kan tí a rán mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀méje, tí ojú wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí yóò mú un dìde jó, kó tètè máa lọ báyìí, kò sí ìjà láàrin wa.

Ìdílé Apènìbọ̀ ni wọ́n ń pe ìdílé wa, ọmọ a-pè-má-dákẹ́, ọmọ ohùn tí í sọdá odò láìwọ ọkọ̀, ọmọ ẹni tó pe òkú títí tí òkú fi bínú dáhùn. Láyé ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dákú ní ìlú wa, kí wọ́n tó sáré wá omi, obìnrin ilé wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré wá. Yóò jókòó sí ìgbèrí onítọ̀hún, yóò máa fi orúkọ àti oríkì pè é, kò sì ní sinmi. Kì í mu omi, kì í nu òógùn, kì í dá ẹlòmíràn lóhùn. Èèwọ̀ ni kó dákẹ́ kí ẹni tó ń pè tó sín tàbí kó tó jẹ́ ẹ́, nítorí a gbà nílé wa pé ibi tí ohùn bá ti já, ibẹ̀ náà ni ẹ̀mí ti ń já. Nínú gbogbo wa, Ìbíwùmí ni ohùn rẹ̀ dùn jù, tó sì le jù. Òun ló pe Baálé Ọ̀pádìran láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́ lọ́dún tí ejò bù ú ṣán, tí baálé fi la ojú, tó ní, "Ìbíwùmí, o ti dí mi létí." Ẹ ò rí i pé bí a bá ń yan kiri bí àgùnfọn nílùú, a rí nǹkan yan lé lórí.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń yangàn náà ni í máa ń tì wá ṣubú. Ẹsẹ̀ tó yá níí kọlu kùkùté.

Àtọ̀gbẹ ló mú Àyọ̀ká. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré: ọmọ tó ń mu ife omi kan tẹ́lẹ̀ wá ń mu kèrègbè kan, ó sì tún ń wá òmíràn. Eèrà ń wọ́ tẹ̀ lé ibi tó bá ti tọ̀. Ó ń jẹun bí aláàárù, ó sì ń rù bí ẹni tó gbààwẹ̀. Nígbà tó fi máa dùbúlẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, èémí rẹ̀ sì ń run bí ọsàn tó ti kan. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́laṣọ wo àpótí oògùn rẹ̀ títí, kò rí abẹ́rẹ́ tó yẹ kó fún un níbẹ̀, ó ti tán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tíṣà Láńbẹ́, ẹni kan ṣoṣo tó ní mọ́tò ládùúgbò wa, ti gbéra láti ìdájí lọ wá a ní ìlú ńlá.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó sọ fún Ìbíwùmí pé, "Ìyá, Tíṣà yóò dé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ ṣáà bá wa dá a dúró títí di ìgbà yẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìbíwùmí ní, "Títí oòrùn yóò fi wọ̀? Ọmọ mi, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ lójú mi. Ẹ kó ara yín sẹ́yìn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. "Àyọ̀ká o! Àyọ̀ká, ọmọ Ìbíwùmí! Ọmọ a-pè-má-dákẹ́, dá mi lóhùn!" Ó pè títí oòrùn fi kúrò lẹ́yìn ilé, títí tó fi gun àtàrí. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí ìdílé wa ti ń pe ènìyàn: ohùn rẹ̀ wọ inú ọmọ náà lọ, kò sì pa dà. Ó dà bí okùn tí a jù sínú kànga tí nǹkan kan dì mú nísàlẹ̀. Ìbíwùmí fà á, nǹkan náà fà á. Kó tó mọ̀, okùn ohùn ara rẹ̀ ti wọ́ ọ lọ, ó kéré, ó kéré, ó di hóró yànmọ̀tí, ó sì gba ètè ọmọ rẹ̀ tó ti gbẹ wọlé. Àwa tó wà ní yàrá kò mọ nǹkan kan. Ara rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń mì láìdún.

Inú odò pupa kan ló bọ́ sí, odò tó gbóná bí omi ìwẹ̀ abiyamọ. Ó ń mumi, ó ń jà, kí ohun roboto kan tó gbé e láti ìsàlẹ̀, ohun pupa tí àárín rẹ̀ jin bí àwo ọbẹ̀.

Ohun náà ní, "Ẹ rọra o, ìyá! Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé mi láàárín, ibẹ̀ ló rọ̀ jù lára mi."

"Ta ni ìwọ?"

"Pupabíosùn ni mí, ọlọ́kọ̀ tó jẹ́ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ni mo máa ń kó, n kì í kó ènìyàn. Ọgọ́fà ọjọ́ ni wọ́n fún mi láyé, mo ti lo mọ́kàndínlọ́gọ́fà níbẹ̀. Níbo lẹ̀ ń lọ? Ẹ tètè sọ, àkókò mi kò pọ̀."

Ìbíwùmí wò ó, ó ní, "Ibi tí wọn yóò ti gbọ́ ìpè mi ni mò ń lọ. Àyọ̀ká ni mò ń pè."

Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín. "Inú Àyọ̀ká lẹ wà, ìyá. Gbogbo ibi tí ẹ ń wò yìí, òun náà ni."

Wọ́n ń lọ. Ìbíwùmí rí i pé ohun funfun kún ojú odò bí ìyẹ̀fun, ó tọ́ ọ wò, ó dùn ju oyin lọ. Ní bèbè odò lọ́tùn-ún lósì, ilé to lọ bí àgbàdo lójú ebè, gbogbo ìlẹ̀kùn wọn tì pa. Àwọn ará ilé yọjú ní fèrèsé, ojú wọn ti wọnú, wọ́n ń nawọ́ sí ìyẹ̀fun aládùn tó ń ṣàn kọjá lábẹ́ imú wọn, ọwọ́ wọn kò tó o. Nínú ilé kan, baba kan ń fa igi àjà ilé ara rẹ̀ yọ, ó ń fi dáná kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí iná yá. Èéfín igi náà kan bí ọsàn tó ti bàjẹ́. Ìbíwùmí mọ òórùn yẹn. Òun ni òórùn ẹnu ọmọ rẹ̀.

Ó kígbe pé, "Èé ṣe tí wọn kò ṣílẹ̀kùn?"

Pupabíosùn ní, "Ìlẹ̀kùn wọn kì í ṣí láìsí okùn-ìṣílẹ̀kùn. Okùn méjì tí a lọ́ mọ́ra, tí a fi kókó dè pọ̀, òun ni wọ́n ń fi kan ìlẹ̀kùn kí ó tó gbà. Orí erékùṣù ni wọ́n ti ń lọ́ ọ. Láyé tí mo wá, ìtàn ni mo gbọ́ pé erékùṣù náà pọ̀ bí ìràwọ̀."

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ohun tí a kò ní ló ń pa wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Oúnjẹ lè wà lẹ́nu ọ̀nà kó jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ni kò gbà.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn erékùṣù náà wà, eérú ni wọ́n bá. Erékùṣù kan jó tán, èyí tó tẹ̀ lé e jó tán, wọ́n to lọ bẹ́ẹ̀ bí ìdí ààrò tí a ti kúrò nídìí rẹ̀. Láàrin eérú náà ni ọdẹ kan jókòó sí, ó ga bí ọ̀pẹ, ó ń nu ọfà rẹ̀. Balógun Ọdẹ ni, olórí àwọn tó ń ṣọ́ ara Àyọ̀ká kí àrùn má wọ̀ ọ́.

Ìbíwùmí bi í pé, "Ta ló sun ibí?"

Ọdẹ náà yọ ayọ̀. "Àwa ni! A ṣiṣẹ́, àbí a kò ṣe é? Ọ̀tá ni wọ́n. Wọ́n jọ ọ̀tá kan tó wọlé tọ̀ wá lọ́jọ́ kan báyìí, imú wọn jọ tirẹ̀."

"Ṣé ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́?"

"Ìyá, ọdẹ tó bá ń bi ẹran léèrè orúkọ, ẹ̀wà ni yóò jẹ lálẹ́."

"Aláìníláárí! Ìlú ọmọ mi lo sun! Àwọn tó ń bọ́ ọ lo sun! Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

Ojú Balógun Ọdẹ yí pa dà díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rántí nǹkan, ṣùgbọ́n kò rántí. Ó na ọfà rẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹyọ kan ṣì kù lẹ́yìn èéfín yẹn, Aṣẹ́kù ni orúkọ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ wá lónìí. A ó dé ibẹ̀ lọ́la."

Ọ̀la. Ìbíwùmí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọkàn rẹ̀ sì rì bí òkúta. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó ń wá àyè títí oòrùn yóò fi wọ̀, kí ló kàn án pẹ̀lú ọ̀la?

Aṣẹ́kù kéré. Ògiri rẹ̀ rọ̀ bí òrí, kò sì ní ilẹ̀kùn tí àjèjì lè gbà. Obìnrin arúgbó kan ló wà lára ògiri náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí a ti sọ ọ́ fún mi: ara rẹ̀ gùn bí òwú, ó sì wọnú ògiri, ó jáde, ó tún wọlé, ó tún jáde, ó gba inú ògiri kọjá lẹ́ẹ̀méje bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba etí aṣọ, tó fi jẹ́ pé orí àti ọwọ́ rẹ̀ wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìlú. Ìyá Aránmógiri ni wọ́n ń pè é.

Ìbíwùmí kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Mo ní iṣẹ́ kan láti jẹ́."

Ìyá Aránmógiri wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹni tó bá mú iṣẹ́ wá kì í wọlé níbí. Fi ọwọ́ rẹ lé ọwọ́ mi, sọ ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọwọ́ mi bá gbọ́, ẹsẹ̀ mi yóò mì nínú ilé, ẹni tó sùn sídìí ẹsẹ̀ mi yóò jí. Ìyókù kì í ṣe tìrẹ."

"Lẹ́ẹ̀kan péré? Ìyá, ọmọ Apènìbọ̀ ni mí. A kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan nílé wa."

"Mo gbọ́. Níbí ńkọ́? Ilé ta lo wà?"

Ìbíwùmí gbé ìtìjú yẹn mì. Ó fi ọwọ́ lé ọwọ́ arúgbó náà, ó sì rí i pé òun ń fi ojú tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá náà ríran wọnú ìlú. Ó mí kanlẹ̀. Ó pè: "Àyọ̀ká o, dá mi lóhùn!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó rí kọjá àfẹnusọ. Ẹsẹ̀ arúgbó mì, ọkùnrin tó sùn sídìí rẹ̀ fò dìde, ó sáré tọ obìnrin kan tó ń ṣọ́ ààrò. Obìnrin náà fẹ́ ààrò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ta-iná ọgọ́rùn-ún tú jáde, ẹ̀ta kọ̀ọ̀kan di sárésáré, sárésáré kọ̀ọ̀kan gba ojúlé tirẹ̀ lọ, ó ń kan ilẹ̀kùn, ẹni tó bá jí tún ń jí ogún ẹlòmíràn, tí ohùn kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà fi di ariwo ọjà nínú ilé. Ní Ilé Alọ́kùn, àwọn obìnrin ń lọ́ okùn, àwọn àgbà láàrin wọn ń di ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ mú kí wọ́n má ta kókó sí òdì. Okùn tó bá péye ń lọ sí àgbàlá tí wọ́n ti ń di ẹrù, àwọn adẹrù ń gé ìdí rẹ̀ tó gùn jù, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń kó àpò náà lọ sẹ́yìn ògiri. Níbẹ̀ ni ojúhò kéékèèké ti ṣí, ẹfun funfun rọ́ wọlé láti ìta bí ìyẹ̀fun tó tú, àwọn àpò tó fara ti ògiri sì là, okùn-ìṣílẹ̀kùn dà sínú odò, wuuu! Pupabíosùn tó dúró sí bèbè ń pariwo pé, "Ó ń lọ o! Ilé àkọ́kọ́ ti ṣí! Ilé kejì ti ṣí!"

Nínú yàrá wa, lákòókò yẹn gan-an, Àyọ̀ká la ojú. Ẹni tó di ife mú rí i. Ó wo àjà, ó wo ẹsẹ̀ ẹní, ó ní, "Ta ló jẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé?" Ó tún pa ojú rẹ̀ dé, ó ń mí jẹ́jẹ́.

Ní erékùṣù, Ìbíwùmí rí ọkùnrin ṣókí kan tó ń rìn lẹ́yìn àwọn sárésáré pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tútù. Ẹni tó bá kàn, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá a lórí, iná rẹ̀ ń kú.

Ìbíwùmí figbe ta. "Ìkà wo nìyẹn? Ó ń pa ìpè mi!"

Ìyá Aránmógiri ní, "Apaná ni orúkọ rẹ̀, òun ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú ìlú yìí. Bí kò bá pa ti àkọ́kọ́, ta ni yóò mọ̀ pé a pe ìkejì? Dákẹ́ báyìí. Ìdajì àwọn àpò ti lọ. Jẹ́ kí àwọn alọ́kùn lọ́ òmíràn ní ìrọ̀rùn. Tí òjìji ògiri yìí bá dé àgbọ̀n mi, kí o tún pè. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, oòrùn yóò wọ̀ bá ọmọ rẹ láàyè."

Ìbíwùmí dákẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó dákẹ́ lóòótọ́. Ó jókòó, ó ń wo òjìji bó ti ń rá pálá, kò tíì dé èjìká arúgbó náà. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí, ǹ bá ti fi orin gbè é.

Ṣùgbọ́n nínú yàrá, ìyá àgbà Ẹfúntọ́lá tó fọ́jú tẹ́ etí sílẹ̀. Láti òwúrọ̀, kódà nígbà tí ohùn kò jáde mọ́, ó ń gbọ́ bí ètè Ìbíwùmí ṣe ń pàdé. Nísinsìnyí kò gbọ́ ọ mọ́. Ó gbé ojú rẹ̀ tó ti kú sókè, ó ní, "Ìbíwùmí, ìwọ lo dákẹ́ yẹn? Mo dàgbà tó báyìí, n kò tíì gbọ́ ọ rí kí obìnrin ilé yìí dákẹ́ ní ìgbèrí ẹni tí kò tíì sín."

Ọ̀rọ̀ náà gba ètè Àyọ̀ká wọlé, ó rin odò já, ó sì bá Ìbíwùmí níbi tó jókòó sí. Ìtìjú bò ó bí aṣọ tútù. Ó rí gbogbo àwọn ìyá rẹ̀ tó ti kú, tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń wò ó. Ó gbé ọwọ́ arúgbó náà, ó pè lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọmọ, ó yá jù!" ni Ìyá Aránmógiri wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n kò mì bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn sárésáré jáde. Àpò díẹ̀ là sínú odò. Ní Ilé Alọ́kùn, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, kókó ń bọ́ sí òdì, okùn tí kò péye ń ga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn aṣọ́lé mẹ́ta tó wà ní Ilé Alọ́kùn dìde, wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Èkíní ní, "Ẹ dín iṣẹ́ kù!" Èkejì ní, "Ẹ wá olùrànlọ́wọ́ kún wa!" Ẹ̀kẹta ní, "Ẹ kó èyí tó bàjẹ́ dànù ná!"

Ìyá Aránmógiri ní, "Ṣé o gbọ́ wọn? Ọwọ́ mi ti ń kú. Bí o bá tún pè mí báyìí, n kò ní gbọ́ ọ mọ́. Má pè mí mọ́, ọmọ olóhùn-dídùn. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó wu Ìbíwùmí láti gbọ́. Kò fẹ́ràn ohun kankan láyé ju ọmọ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí a kọ́ ní ìpè nìkan yóò fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe? Ó dà bíi pé kó jókòó kó máa wo ikú bó ti ń bọ̀. Ó di ọwọ́ arúgbó náà mú ṣinṣin pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ya ẹnu, ó sì pe ìpè ìkẹta, ìpè ilé wa, ìpè tí kò ní ìdúró: "Àyọ̀ká, Àyọ̀ká, Àyọ̀ká, ọmọ a-pè-má-dákẹ́, ọmọ ohùn tí í sọdá odò, Àyọ̀ká, Àyọ̀ká!"

Ìlú kékeré náà gbóná. Sárésáré kún ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rí ibi gbà mọ́. Apaná gbá, ó gbá, títí ìgbálẹ̀ rẹ̀ fi gbẹ, ó sì ṣubú lulẹ̀ láàrin wọn. Okùn tó lọ́jú pọ̀ kún Ilé Alọ́kùn dé àjà, ó wé mọ́ àwọn obìnrin lẹ́sẹ̀, ó wé mọ́ wọn lọ́rùn. Àwọn aṣọ́lé mẹ́ta kò kan ìlẹ̀kùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́, wọ́n para pọ̀ kàn án, ìró kan ṣoṣo. Gbogbo ará ìlú mọ ìtumọ̀ ìró náà. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ìlú ti parí nìyẹn.

Wọn kò pariwo. Wọn kò sunkún. Èyí ló dun Ìbíwùmí jù títí tó fi kú. Wọ́n gbá ilẹ̀. Wọ́n pa ààrò. Wọ́n gé ìwé ìlànà tí wọ́n fi ń lọ́ okùn sí wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó. Wọ́n di ìlú wọn ní ẹrù kéékèèké, tòun ti ara wọn nínú ẹrù náà, wọ́n tò ó síta kí àwọn aládùúgbò lè gbé e láìfi ọwọ́ kan ẹ̀gbin. Bí ènìyàn rere ṣe ń palẹ̀ mọ́ kó tó rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe.

Ìyá Aránmógiri wò ó, ojú rẹ̀ kò sì ní ìbínú. "Ohùn rẹ dára," ló wí. "Irú rẹ̀ kò dé ibí rí. Ṣùgbọ́n bí etí ṣe mọ náà ló ṣe mọ." Ògiri náà gbé e mì, orí rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó yọ́ kúrò láàrin ọwọ́ méjèèjì Ìbíwùmí bí ìgbà tí ìjàpá bá fa orí wọlé.

Pupabíosùn ló gbé e pa dà. Ní ẹ̀gbẹ́ odò, àwọn ilé tó ṣí lẹ́ẹ̀kan ti tún tì. Baba tó ń fa igi àjà yọ kò ní igi mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ọlọ́kọ̀ ní, "Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbí, ọjọ́ mi pé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè mí, mo sì ń lọ náà ni." Ó sì lọ.

Nígbà tí Ìbíwùmí bọ́ pa dà sínú ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó ṣì ń pè. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́laṣọ ló fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ó tó. Ó ti lọ." Baálé Ọ̀pádìran bo ojú. Ìró mọ́tò sì dún ní ìta. Tíṣà Láńbẹ́ wọlé pẹ̀lú eruku lórí, ó gbé fúláàsì tí oògùn wà nínú yìnyín dání, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí ó rò pé òun tètè dé. Ìtànṣán oòrùn ṣì wà lára ògiri, ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan sí ilẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀.

Ẹnikẹ́ni kò dá Ìbíwùmí lẹ́bi. Ìyá àgbà Ẹfúntọ́lá tilẹ̀ yìn ín, ó ní, "O pè é dáadáa, ọmọ mi, o kò dójú tì wá." Ìbíwùmí wolẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló tún lò láyé, kò sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Bó bá pè ọ́ wá jẹun tí o kò gbọ́, o fi ebi sùn nìyẹn. Wọ́n wá a wá sí ìgbèrí àwọn tó dákú, kò lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ìtàn yìí, ẹni tó di ife omi mú ló sọ ọ́ fún. Ẹni yẹn bi í pé, "Ìyá, bí ẹ bá ti dákẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ì bá yè?" Ó ní, "Àwọn ọdẹ ń bọ̀ lọ́la, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ dé lónìí."

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, n kò ní fi pa mọ́ bí obì. Ìfẹ́ tí kò mọ ìdúró a máa ṣe bí ogun. Ẹ̀yin òbí tó ń ké mọ́ ọmọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá tó ń rán iṣẹ́ lé iṣẹ́, ẹ rántí Apaná àti ìgbálẹ̀ tútù rẹ̀: ẹni tó ń pa ìpè, iṣẹ́ ìpè náà ló ń ṣe. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kò sì sí ẹni tí í kọ́ ọ nílé Apènìbọ̀, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi ṣì lè di kálàmù mú.

Ìwọ Ìmísí, ọmọ ọmọ mi, ìwọ tí ohùn ilé wa bọ́ sí lọ́fun: lọ́jọ́ tí mo bá dùbúlẹ̀, wá jókòó sí ìgbèrí mi. Pè mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, lé ewúrẹ́ jáde, kí o sì dákẹ́.